Àkèré Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìgbẹ́tì: Àádọ́ta Ọdún Kí Wọ́n Tó Gbà Pé Ẹ̀yà Ọ̀tọ̀ Ni

Bí a bá dárúkọ Ìgbẹ́tì létí ọmọ Yorùbá, àpáta gàgàrà tó yí ìlú náà ká ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, tàbí òkúta mábù tí wọ́n ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn onímọ̀ nípa ẹranko káàkiri àgbáyé, ohun mìíràn ni orúkọ ìlú náà dúró fún. Àkèré kékeré kan ni, tí gbogbo gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Hyperolius igbettensis. Ọdún 1963 ni wọ́n fún un ní orúkọ yìí. Ọdún 2013 ni wọ́n tó gbà pé ẹ̀yà tó dá dúró ni, pé kì í ṣe ẹ̀ka lára ẹ̀yà mìíràn. Àádọ́ta ọdún gbáko ló wà láàárín ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n jẹ́wọ́ ọmọ náà.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìtàn àkèré Ìgbẹ́tì fi hàn bí ó ti ṣòro tó láti mọ ilé tí ọmọ ti wá nígbà tí ọmọ náà bá kéré, tó bá jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, tó sì jẹ́ pé òru nìkan ló ń fọhùn.

Ìdílé ńlá kan wà láàárín àwọn àkèré ilẹ̀ Áfíríkà tí kì í gbé ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Orí koríko etí omi àti orí ewé ni wọ́n ń gbé. Ìka wọn ní pèrègún róbótó lórí tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ ewé. Bí òjò bá ti rọ̀, tí adágún omi sì kún, àwọn akọ á gun orí koríko lálẹ́, wọn á wú àpò ohùn tó wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn, wọn á sì máa ké títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Hyperolius ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé yìí, ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀ sì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Láti igbó kìjikìji dé ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Gúúsù Áfíríkà, kò sí ibi tí wọn kò sí.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko wọ̀nyí ṣeré. Wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́ sọ́tọ̀, wọ́n ya àkèré sọ́tọ̀, wọ́n sì fi igbe kọ̀ǹkọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ igbe rẹ̀ lálẹ́ òjò kò ní béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Nígbà tí wọ́n sì ń sọ pé kọ̀ǹkọ̀ jabele, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀, wọ́n ti kíyè sí ohun tí sáyẹ́ǹsì wá fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri: inú ariwo kan náà ni oríṣiríṣi ohùn wà, olúkúlùkù sì ní tirẹ̀. Àmọ́ àwọn kéékèèké orí koríko wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ, wọn kì í sì í pa ènìyàn lára. Ẹni tó bá rí wọn á kàn pè wọ́n ní àkèré, á sì kọjá lọ.

Àwọn tí kò kọjá lọ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kó ẹranko Áfíríkà jọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òfin ìsọmọlórúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé tí Linnaeus, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, tẹ̀ jáde ní ọdún 1758. Lábẹ́ òfin yìí, orúkọ méjì ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́: orúkọ ìdílé àti orúkọ tirẹ̀. Bí àṣà náà ti ń dàgbà, ó di pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ̀yà tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ yan ẹranko kan pàtó ní ẹlẹ́rìí, kí ó tọ́jú rẹ̀ sí mùsíọ́ọ̀mù, kí ó sì kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde. Ara ẹranko yẹn ni orúkọ náà so mọ́ títí ayé. Bí àríyànjiyàn bá dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí inú ìgò yẹn ni gbogbo ènìyàn yóò padà lọ.

Ní ọdún 1842, Wilhelm Rapp, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá orúkọ ìdílé Hyperolius sílẹ̀. Ní ọdún 1844, Edward Hallowell ní Amẹ́ríkà ṣe àpèjúwe ọ̀kan tó wá láti Làìbéríà. Ní ọdún 1865, Albert Günther, tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní London, ṣe àpèjúwe ọ̀kan tó wá láti Àǹgólà. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì pè é ní Hyperolius nasutus, orúkọ tó ń tọ́ka sí imú gígùn náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, níbikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti rí àkèré tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ ewé, onímú ṣóńṣó ní ilẹ̀ Áfíríkà, nasutus ni wọ́n ń pè é. Agbádá kan ṣoṣo ni wọ́n rán fún gbogbo ẹbí.

Ibi tí ìṣòro ti wá ni pé inú ìgò ni àwọn onímọ̀ ìgbà náà ti ń rí àkèré. Ẹni tó mú un lè jẹ́ sójà, oníṣòwò tàbí míṣọ́nnárì. Ó ti kú kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, inú ọtí líle ló sì bá débẹ̀. Ọtí a máa fọ àwọ̀ ara dànù. Àkèré tó jẹ́ aláwọ̀ ewé lójú ayé lè di funfun tàbí aláwọ̀ eérú nínú ìgò láìpẹ́ ọjọ́. Ní ọdún 1931, Ernst Ahl ní Berlin kó ìwé ńlá kan jọ lórí àwọn àkèré orí igi àti orí koríko, ó sì sọ ẹ̀yà tuntun lórúkọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú àwọn ìgò tó wà níwájú rẹ̀. Àmì ara àti àwọ̀ ló fi ṣe òdiwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ yẹn ni àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fagi lé, nítorí wọ́n rí i pé ẹ̀yà kan náà ló pè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta. Àmọ́ díẹ̀ lára wọn tọ̀nà, wọ́n sì wà títí dòní. Iṣẹ́ tó kù fún ìran tó tẹ̀ lé e ni láti mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ọtí inú ìgò parọ́ rẹ̀.

Arne Schiøtz, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark tí wọ́n bí ní ọdún 1932, ló gbé iṣẹ́ náà kúrò nínú ìgò lọ sí etí omi. Ó wá sí Nàìjíríà ní àsìkò tí orílẹ̀-èdè yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ní ọdún 1963, ọdún kan náà tí Nàìjíríà di olómìnira aláàrẹ, ìwé rẹ̀ lórí àwọn àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ Nàìjíríà jáde. Ní ọdún 1964, ó tẹ òmíràn jáde lórí ohùn àwọn àkèré Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1967, ó kó gbogbo ìmọ̀ náà pọ̀ sínú ìwé ńlá kan lórí àwọn àkèré orí igi ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1975, ó sì ṣe é fún gbogbo Áfíríkà ní ọdún 1999.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni irinṣẹ́ tó mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ó gba ohùn àwọn akọ sílẹ̀ lálẹ́, ó sì lo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ohùn sórí ìwé, tó fi jẹ́ pé ojú lè rí ohun tí etí gbọ́: bí igbe náà ti gùn tó, bí ó ti ròkè tó, iye ìgbà tó ń dún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì kò ju ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ. Nínú òkùnkùn, abo àkèré kì í fi ojú yan ọkọ. Etí ló fi ń yàn án. Ohùn akọ ẹ̀yà tirẹ̀ nìkan ló ń lọ bá. Nítorí náà, bí akọ méjì tó jọ ara wọn bá ń ké ní adágún omi kan náà, tí igbe wọn sì yàtọ̀ pátápátá, ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà méjì tí kì í fẹ́ ara wọn. Àwọn abo àkèré ti mọ ìyàtọ̀ náà tipẹ́ kí onímọ̀ kankan tó dé.

Schiøtz tún tú àṣírí mìíràn. Ó ṣàlàyé pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìdílé yìí, ìgbà méjì ni ará ń yí. Àwọ̀ tí ọmọ àkèré kékeré gbé jáde kúrò nínú omi ni àwọn akọ kan ń lò títí ọjọ́ alẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn abo, àti akọ díẹ̀, a máa bọ́ àwọ̀ yẹn sílẹ̀ bí wọ́n bá ti dàgbà, wọn á sì gbé àwọ̀ tuntun tó dán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ wọ̀. Tọkọtaya kan náà lè dà bí ẹni tó wá láti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ń wo inú ìgò nìkan yóò sọ ọkọ ní orúkọ kan, yóò sì sọ ìyàwó ní òmíràn. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ àtijọ́ nìyẹn.

Inú ìwé 1963 yẹn ni orúkọ Ìgbẹ́tì ti jáde. Schiøtz rí àkèré tẹ́ẹ́rẹ́ onímú ṣóńṣó ní Ìgbẹ́tì, ní ilẹ̀ ọ̀dàn àríwá Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà. Ó rí i pé ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Àǹgólà, ṣùgbọ́n kò pè é ní ẹ̀yà tuntun. Ó kà á sí ẹ̀ka kan lábẹ́ nasutus, ó sì fi orúkọ ìlú náà pè é: Hyperolius nasutus igbettensis. T méjì tó wà nínú orúkọ náà wá láti inú bí àwọn òyìnbó ti ń kọ Ìgbẹ́tì sínú ìwé nígbà náà. Kò sì sẹ́ni tó lè tún un kọ mọ́, nítorí òfin ìsọmọlórúkọ kò fàyè gba pé kí a máa yí bí wọ́n ti kọ orúkọ ní àkọ́kọ́ padà bó bá ṣe wù wá. Kì í ṣe Ìgbẹ́tì nìkan ló wọ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1967, ó fi orúkọ Ìbàdàn pe ẹ̀ka kan lábẹ́ àkèré tí Hallowell rí ní Làìbéríà, ó pè é ní Hyperolius concolor ibadanensis. Ó sì ti fi orúkọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ pe òmíràn, Afrixalus nigeriensis, ìbátan àwọn Hyperolius.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ àkèré Ìgbẹ́tì dákẹ́ rọ́rọ́. Orúkọ nasutus gbé e mì. Láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dé gúúsù rẹ̀, ẹ̀yà kan tó tàn káàkiri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbogbo wọn jẹ́. Ní ọdún 2002, Alan Channing ti South Africa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ohùn hàn pé ju ẹ̀yà kan lọ ni ó wà lábẹ́ orúkọ yìí, nítorí igbe wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kò tó láti pín gbogbo ogún náà. Èyí tí wọn kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ń kọ́?

Ọdún 2013 ni ìdáhùn dé. Channing tún ṣáájú ikọ̀ àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó ẹ̀rí mẹ́ta pọ̀. Èkíní ni DNA, ìwé ìdílé tí ẹ̀dá alààyè kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri nínú ara rẹ̀. Ẹran ara bíńtín tí wọ́n gé lára àkèré kí wọ́n tó kì í sínú oògùn ni wọ́n ń kà á láti inú rẹ̀. Èkejì ni ohùn. Ẹ̀kẹta ni bí imú ti rí, nítorí imú ṣóńṣó tí gbogbo wọn jọ ní kò ṣóńṣó bákan náà. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ẹ̀yà tuntun mẹ́fà ni wọ́n ṣe àpèjúwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìwé kan. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe ohun kan tó ṣe pàtàkì bákan náà: wọ́n padà sínú ìwé àtijọ́, wọ́n sì jí àwọn orúkọ tó ti sùn dìde. Ọ̀kan nínú wọn ni igbettensis. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ nasutus, ó sì di ẹ̀yà tó dá dúró.

Òdodo kan wà nínú òfin náà tó yẹ kí a kíyè sí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2013 ni wọ́n gbé àkèré náà ga, orúkọ Schiøtz àti ọdún 1963 ló ṣì tẹ̀ lé e nínú ìwé. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ni orúkọ jẹ́ tirẹ̀, kódà bí kò bá mọ bí ohun tó rí ti tóbi tó. Àwọn tó wá lẹ́yìn ṣàtúnṣe ipò. Wọn kò gba ìsọmọlórúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni gbogbo èyí já mọ́. Àkèré ṣì jẹ́ àkèré, yálà ọ̀kan ni tàbí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní orúkọ kì í ní olùgbèjà. Ìwádìí àgbáyé tó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé nínú gbogbo ẹ̀yà àkèré, ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ìbátan wọn, nǹkan bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ewu àtiparun. Orúkọ ẹ̀yà ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn. Bí ẹ̀yà mẹ́wàá bá fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan, ẹ̀yà kan tó pọ̀ yanturu ni ìwé yóò fi hàn. Èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkè kan péré tàbí ẹrẹ̀ kan péré ló ń gbé lè parun pátápátá, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ohun kan ti lọ.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tó kọjú sí wa, wọ́n rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àkèré tó wà níbẹ̀ àti Hyperolius molleri ti São Tomé jẹ́ ọ̀kan náà. Rayna Bell, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ifásitì Cornell, ka DNA wọn, ó sì rí i pé òkun tó wà láàárín àwọn erékùṣù méjèèjì ti yà wọ́n nípá tipẹ́. Ní ọdún 2016, ó pe ti Príncipe ní Hyperolius drewesi, láti fi bu ọlá fún Robert Drewes, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ń darí ìrìn àjò ìwádìí lọ sí àwọn erékùṣù náà láti ọdún 2001. Lọ́gán tí orúkọ yẹn jáde, Príncipe ní ẹ̀yà kan tí kò sí níbòmíràn láyé, ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ sì wà lọ́rùn erékùṣù kékeré náà nìkan.

Ti òkè Nimba dùn mọ́ni ju èyí lọ. Ní ọdún 1958, Raymond Laurent ti Belgium ṣe àpèjúwe Hyperolius nimbae láti ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1967, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Ní ọdún 2010, nígbà tí àjọ Conservation International ké sí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé pé kí wọ́n lọ wá àwọn àkèré tó sọnù, N'Goran Kouamé, ọmọ bíbí Côte d'Ivoire, wá a títí ó fi rí i. Ọmọ Áfíríkà ló mú un padà wá sínú àkọsílẹ̀, kì í ṣe àlejò.

Kókó ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìtàn àkèré Ìgbẹ́tì náà nìyẹn. Orúkọ ìlú Yorùbá wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n Copenhagen ni mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n kó àwọn ẹlẹ́rìí Schiøtz sí wà. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ fi àkèré tó rí ní oko bàbá rẹ̀ wé èyí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ gbọ́dọ̀ ní físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Kì í ṣe pé wọn kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa lọ́hùn-ún. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo kò tó fún ogún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, iná sun mùsíọ́ọ̀mù àwọn ẹranko ní Lisbon, ó sì jó ohun tí Barbosa du Bocage fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ láti Àǹgólà, São Tomé àti àwọn ibòmíràn. Àwọn ẹlẹ́rìí tó fi sọ ọ̀pọ̀ ẹranko Áfíríkà lórúkọ di eérú ní òru ọjọ́ kan, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Áfíríkà.

Àkèré Ìgbẹ́tì fúnra rẹ̀ kò sí nínú ewu ńlá lónìí. Kì í ṣe ìlú yẹn nìkan ló ń gbé. Ó wà káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ibi tí ẹnì kan ti dúró gbọ́ ohùn wọn lóru ni a mọ̀. Ibi ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ilẹ̀ dí láti kọ́ ilé, odò tí wọ́n da ìdọ̀tí sí, pápá tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò fọ́n: kò sẹ́ni tó ka ohùn tó ti dákẹ́ níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí Schiøtz rù kiri nígbà náà ti wà nínú fóònù àpò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko wà ní àwọn ifásitì wa. Ohun tó kù ni àpótí ìkẹ́rùsí tó dára, owó iná mànàmáná tí kò ní já, àti ìjọba tó gbà pé títọ́jú àkèré sínú ìgò nílé jẹ́ iṣẹ́ ìlú.

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí àwọn kéékèèké orí koríko bá bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́ ní etí adágún wa, ohun kan ló ń lé wọn. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ wọn àti ohùn wọn nìkan ló máa tètè mọ̀ pé ẹnì kan kò ké ní alẹ́ òní.